Ìyá Kíláàsì Karùn-ún: Obìnrin Tí Kò Jẹ́ Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Dá Ọmọ Dúró Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́, aládùúgbò, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àná tí ẹ ti di bàbá àti ìyá, tí ẹ wá bá wa sin Màmá wa, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúró. Ìwé pélébé yìí kò lè gba ayé èèyàn ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tán. Ṣùgbọ́n Màmá fúnra wọn ló máa ń sọ pé ìròyìn tó bá gùn jù, ọ̀gá kì í kà á dópin. A ó gbìyànjú láti ṣe é níwọ̀n.

Ọdún 1944, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń rọ̀, ni wọ́n bí Màmá ní àdúgbò àwọn afọ́kúta, lẹ́yìn ojú irin. Káfíńtà ni bàbá wọn, bàbá bàbá wọn náà sì ṣe káfíńtà. Ìyá wọn jẹ́ aránṣọ. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń rán. Ọkùnrin mẹ́ta ló ṣáájú Màmá, àwọn sì ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn a máa pè wọ́n ní Ìwọ̀n, nítorí pé bí ó bá ń wọn pákó, Màmá ló máa ń di etí okùn kejì mú, ọwọ́ wọn kì í sì í yẹ̀. Orúkọ yìí bá wọn lára mu títí ọjọ́ ogbó.

Ní 1951, wọ́n fi Màmá sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò. Yàrá méjì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní, kíláàsì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kíláàsì kìíní àti ìkejì a kẹ̀yìn síra wọn nínú yàrá kan, ìkẹta àti ìkẹrin a kẹ̀yìn síra wọn nínú èkejì. Màmá máa ń ṣàwàdà pé ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ṣe kíláàsì kẹrin, torí pé láti kíláàsì kẹta làwọn ti ń fi etí òsì gbọ́ ọ.

Ó yẹ ká ṣàlàyé bí ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe rí nígbà náà, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ayé Màmá wà. Kíláàsì mẹ́fà ni ọmọ gbọ́dọ̀ kà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣe ìdánwò tí yóò gbé e dé girama. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àdúgbò tó wà lẹ́yìn ìlú máa ń parí sí kíláàsì kẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìkarùn-ún àti ìkẹfà, àfi kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá láàárín ìlú. Láti àdúgbò afọ́kúta, ìrìn wákàtí méjì ni. Ọmọ yóò fo ojú irin, yóò sì gba títì tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta ti ń sáré.

Àwọn ẹ̀gbọ́n Màmá rin ọ̀nà yẹn. Ní 1952, ọkọ̀ kan tó ń kó òkúta kọlu ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tiro títí ó fi kú. Nítorí náà, nígbà tí Màmá parí kíláàsì kẹrin ní ìparí 1954, ìyá wọn kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò bí ọmọ fún títì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Màmá nígbà náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó sílé, tí wọ́n ń rán ojú ihò bọ́tìnnì sí ara yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Màmá kò jẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú nípa ìyá wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní ìyá àwọn kò ṣàṣìṣe, ẹni tó ṣàṣìṣe ni ẹni tó fi ìyá sí ipò tí yóò ti máa yàn láàárín ẹsẹ̀ ọmọ àti ìwé ọmọ.

Tíṣà kíláàsì kẹrin, tí gbogbo ọmọ ń pè ní Tíṣà Onídígí nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn, kò gbà kí iná ẹ̀kọ́ Màmá kú. Ó ń yá Màmá ní ìwé kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà, ó sì ń kọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn yòókù bá ti lọ. Òun náà ló kọ lẹ́tà mẹ́rin kí wọ́n tó gbà kí ọmọ tí kò sí nínú ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan wá ṣe ìdánwò. Ní 1958, ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló mú wọn lọ́wọ́ gba ọ̀nà títì náà lọ síbi ìdánwò, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi jáde. Màmá yege. Wọ́n lọ sí girama láti ilé àbúrò bàbá wọn láàárín ìlú, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ní 1967, wọ́n di tíṣà.

Ní 1968, Màmá fẹ́ bàbá wa, atẹ̀wé ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò kíláàsì kẹfà. Lọ́dọọdún, tí àkókò bá tó, wọ́n á ti bàbá wa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ inú ilé ìtẹ̀wé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àṣírí má bàa tú. Nígbà náà, kíláàsì kẹfà ni Màmá ń kọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: ọkọ mọ ìbéèrè, ìyàwó ní ogójì ọmọ tó fẹ́ dáhùn ún, orí ibùsùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn. Wọ́n bára wọn ṣe àdéhùn pé láti ọjọ́ tí bàbá bá jáde títí di ọjọ́ ìdánwò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nínú ilé. Bí Màmá bá gbàgbé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìṣirò ìdá ń dààmú àwọn ọmọ òun, bàbá yóò sáré bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tòmátì tó gbìn sẹ́yìn ilé. Títí dòní, bí ẹnì kan bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ilé wa, a ó ní ó ti bọ́ sórí tòmátì. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi jẹ́ ọkọ àti aya, a kò sì gbọ́ kí ìbéèrè kan ṣoṣo jò.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: obìnrin ní 1970, ọkùnrin ní 1973, obìnrin ní 1977. Màmá di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní 1976. Ní 1980, ọ́fíìsì àgbègbè sọ wọ́n di alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì láti wo bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ.

Ọdún 1982 ni ọ̀rọ̀ ńlá dé. Àṣẹ kan wá láti ọ́fíìsì àgbà ní olú-ìlú pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé ọgọ́ta, kí wọ́n tì í pa, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa lọ sí èyí tó súnmọ́ ọn. Wọ́n ní kí Màmá lọ ka àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò afọ́kúta tí àwọn fúnra wọn ti jáde. Kíláàsì kẹrin ló ṣì ń parí sí.

Wọ́n ka ọmọ mẹ́tàlélógójì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, opó kan tó ti kọ́ni níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ àwọn ọmọ tó ti kúrò ṣì wà nínú rẹ́jísítà, kí iye lè pé ọgọ́ta. Ó sunkún. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ yín náà nìyí o. Màmá dá a lóhùn pé: "Irọ́ tá a bá fi gbà á là lónìí, òun náà ni wọ́n máa fi pa á lọ́la." Wọ́n kọ mẹ́tàlélógójì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kò lọ. Wọ́n jókòó ti obìnrin náà, wọ́n bi í léèrè ibi tí àwọn ọmọ àdúgbò yòókù wà, nítorí ọmọ kún ojú pópó. Kò mọ̀. Màmá gba ìsinmi ọdún wọn, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Orúkọ ọmọ méjìléláàádọ́fà ni wọ́n kọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò sì sí níbẹ̀. Àwọn kan ń fọ́ òkúta, àwọn kan ń tọ́jú àbúrò, wọ́n ti kó àwọn kan lọ sọ́dọ̀ ìbátan. Màmá béèrè ìdí lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan. Èsì ìyá kan ni wọ́n kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìròyìn wọn: "Ṣé kí n fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ tí mo mọ̀ pé kò ní í débi tó ń lọ ni?"

Ìròyìn náà kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ. Gbólóhùn tí àwọn èèyàn ṣì ń rántí nínú rẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò kéré, ó kúrú ni; kí ìjọba má tì í, kí wọ́n jẹ́ kó gùn dé ibi tó yẹ.

A gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gbà lọ́wọ́ ilé wa pẹ̀lú. Ọmọ Màmá àgbà wà ní kíláàsì kẹfà lọ́dún náà, ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti bàbá mọ́lé ìtẹ̀wé. Màmá wà lójú ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ ń ṣú. Ọmọ náà nìkan ló jókòó ti ìṣirò tí kò yé e, ó sì fìdí rẹmi. Ó tún kíláàsì kẹfà kà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ alábẹ̀wò kò mọ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ yìí dúró láàárín òun àti Màmá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ìjà. Ó kàn jẹ́ pé tó bá wá kí wọn, kì í tú ẹrù.

Ọ̀gá Màmá ní àgbègbè bínú pé wọ́n fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí olú-ìlú láìgba ọwọ́ òun. Ní 1983, ó gbé wọn lọ sí yàrá fáìlì, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo wà, tí eruku sì jẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìjọba kò ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ṣá. Olú-ìlú kọ̀wé pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró títí ìwádìí yóò fi parí, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi wà nínú yàrá náà. Wọn kò ráhùn. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi èèyàn ṣọ́ ìwé, kí ó kà á. Wọ́n to fáìlì gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àgbègbè náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 1986, wọ́n ṣí fáìlì ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò afọ́kúta, wọ́n sì rí ìwé àṣẹ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1949. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kíláàsì mẹ́fà ni ìjọba fọwọ́ sí. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ṣí, fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà ti di ọdún mẹ́tàdínlógójì. Bàbá wa sọ pé lọ́jọ́ yẹn, Màmá wọlé, wọn kò bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí àga ìdáná, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tó fẹ́ fìyà jẹ wọ́n ló gbé kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ìwé kì í kọ́ni, ìwé kì í sì í di ilé. Bí ètò ṣe rí ni pé ọ́fíìsì àgbà ní olú-ìlú ló ń sọ ohun tí ọmọ yóò kọ́, òun ló sì ń ṣe ìdánwò. Ọ́fíìsì àgbègbè ló ń gba olùkọ́, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ọ́fíìsì ìlú ló ń kọ́ yàrá. Ọ́fíìsì àgbègbè ní àwọn kò lè fi olùkọ́ ránṣẹ́ síbi tí kò sí yàrá. Ọ́fíìsì ìlú ní àwọn kò lè kọ́ yàrá fún kíláàsì tí kò ní olùkọ́. Títì kan náà ni ọ́fíìsì méjèèjì wà, wọ́n dojú kọ ara wọn. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ lè rí orí ara wọn láti fèrèsé, àmọ́ lẹ́tà ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹta 1987, Màmá pe ọ̀gá tó ń rí sí olùkọ́ àti ọ̀gá tó ń rí sí ilé kíkọ́ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò afọ́kúta, wọ́n sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ẹnìkejì ti gbà láti wá. Èyí nìkan ni irọ́ tí a mọ̀ mọ́ Màmá lórí iṣẹ́. Wọ́n mú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọ kéékèèké ní kíláàsì kẹrin, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn òbí dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá ka ìwé 1949 sí etí gbogbo wọn. Ọ̀gá ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó jẹ́ ti ọ́fíìsì òun àti ohun tí kì í ṣe ti òun. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Ọ̀gá, ọmọ ò mọ ọ́fíìsì tó ni yàrá, kò mọ ọ́fíìsì tó ni tíṣà. Gbogbo ohun tó mọ̀ ò ju pé ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì nílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo jí báyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n lọ bá nígbà yẹn?"

Ọ̀gá ilé kíkọ́ wolẹ̀. Ọ̀gá olùkọ́ bá ti ibi tó jókòó sí yíjú sí i, ó bi í pé ìgbà wo ló lè fi òrùlé bo yàrá méjì bí ògiri bá ti wà. Ọ̀gá ilé kíkọ́ ní kí ọdún tó parí. Afọ́kúta àgbà kan gba ojú fèrèsé sọ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan òkúta, kí wọ́n má wulẹ̀ ronú sí ìyẹn. Láàárín oṣù márùn-ún, àwọn òbí ti mọ ògiri dé òkè.

Ní oṣù kìíní 1988, wọ́n ṣí kíláàsì karùn-ún pẹ̀lú ọmọ mọ́kàndínlógún. Ìkẹfà tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Mẹ́tàdínlógún ló jókòó fún ìdánwò àkọ́kọ́, mẹ́rìnlá sì yege. Àwọn ọmọ yẹn ló sọ Màmá ní Ìyá Kíláàsì Karùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn, tó di awakọ̀ ojú irin, wà láàárín wa lónìí. Wọ́n dá Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́ alábẹ̀wò, wọ́n sì ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2002. Nígbà náà, wọ́n ti di igbákejì ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àgbègbè. Ìbéèrè kan ni wọ́n fi kún fọ́ọ̀mù ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ṣì wà níbẹ̀: Níbo ni àwọn ọmọ yóò lọ lẹ́yìn kíláàsì tó gbẹ̀yìn níbí?

Màmá nígbàgbọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pariwo rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn wọn, pàápàá àwọn obìnrin ibi òkúta. Wọ́n ní Ọlọ́run tó sọ̀rọ̀ nínú ìwé kò ní í bínú bí èèyàn bá kọ́ láti kà á fúnra rẹ̀. Ní 2006, bàbá wa ṣáájú wọn lọ. Màmá ń bomi rin tòmátì rẹ̀ lọ láìjẹ́ kó kú.

Ohun tó kàn yìí, ọmọ wọn àgbà ló ní ká má yọ ọ́. Ní 2009, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá. Ọmọ yìí, tó ti di nọ́ọ̀sì, wá láti tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n ṣì fi aṣọ di ojú Màmá, wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní, "Mo ka ọmọ méjìléláàádọ́fà lọ́dún yẹn, mi ò ka tèmi. Jọ̀wọ́, ọmọ mi." Ọmọ náà gbé orí Màmá lé itan rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tú ẹrù rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, oṣù méjì ló sì lò. Nígbà tí a bi í bóyá irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ nínú ìwé ìsìnkú, èsì rẹ̀ ni pé, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ìròyìn tí kò bá ní àléébù nínú, Màmá kì í fọwọ́ sí i."

Àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá Màmá gúnlẹ̀ ní 2019. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà 2021, wọ́n jí, wọ́n ní kí ọmọ wọn àgbà bá àwọn ya irun. Ó ya á, ó dì í. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ó dáa, kó jókòó ti àwọn díẹ̀. Ó jókòó. Ó ní mímí wọn ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí òun ò fi mọ èyí tó kẹ́yìn.

Àwọn tí Màmá fi sáyé ni ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, atẹ̀wé tó tẹ ìwé yìí fúnra rẹ̀, àti tíṣà kíláàsì kìíní; ọkọ ọmọ méjì àti ìyàwó ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní ọmọ, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù, àti àwọn ọmọ tí rẹ́jísítà nìkan ló mọ iye wọn.

Màmá wa, Ìwọ̀n ọmọ káfíńtà, ẹ ti ṣe é, ó sì gún. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín. Kí Ẹlẹ́dàá gbà yín bí ìyá ṣe ń gba ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ẹ bá wa kí bàbá. Ẹ sùn re o, ẹ sùn re.